Bí Àkùkọ Ṣe Kí Pẹ́pẹ́yẹ

Bàtà Kíkẹ́lọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ òsì nìkan, nínú gọ́tà lẹ́yìn gáréèjì Rumuokoro. Awakọ̀ kan ló mú un lọ fún Ínsípẹ́kítọ̀ Boma, Boma sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì níwájú Mosúnmọ́lá. Mosúnmọ́lá ló ra bàtà náà fún àbúrò rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Rumuolumeni. Ó mọ òwú dúdú tí aránbàtà fi rán okùn rẹ̀ nígbà tó já.

Láti ọjọ́ Ẹtì ni Kíkẹ́lọmọ ti jáde nílé tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́, ọjọ́ Ajé sì ti dé. Àwọn méjèèjì nìkan ni ìyá wọn bí, ìyá sì ti lọ. Bí òkú bá tẹ̀lé bàtà yìí, Mosúnmọ́lá ti di ẹyọ igi kan ṣoṣo láàárín oko.

Boma ní kí àwọn ọlọ́pàá abẹ́ òun máa kó lọ sí Rumuokoro, kí wọ́n tú gbogbo ìsọ̀ tó wà níbẹ̀. Ọmọ Kalabari ni, ṣùgbọ́n ó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá n'Ìbàdàn rí, Yorùbá rẹ̀ sì ń rìn bí ọkọ̀ tí táyà kan ti jò: ó ń lọ, ó ń mì.

"Dúró ná." Obìnrin kúkúrú kan tó jókòó sí kọ̀rọ̀ ló sọ̀rọ̀. Sàlímọ́tù ni, ará Ìlọrin, ọlọ́pàá ayé àtijọ́. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó pe ọ̀gá rẹ̀ ní olè lójú gbogbo ayé, ọ̀gá náà sì jẹ́ olè lóòótọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń wá ohun tó sọnù àti ènìyàn tó sọnù kiri Port Harcourt, Boma fúnra rẹ̀ a sì máa ránṣẹ́ pè é nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èébú ló máa ń gbà ṣíwájú ìrànlọ́wọ́.

Ó mú bàtà náà, ó ki ìka bọ inú rẹ̀.

"Boma, òjò tó rọ̀ lánàá, ṣé o sùn la gbogbo rẹ̀ já ni?"

Boma ní òjò náà wọ yàrá òun.

"Gọ́tà Rumuokoro tó lè wọ́ ewúrẹ́ lọ lánàá, ṣé òun ló wá dá bàtà yìí sí? Inú rẹ̀ gbẹ bí ẹran kúndi. Àárọ̀ yìí ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ fẹ́ kí ojú wa wà ní Rumuokoro. Ẹ ò ní rí ọmọ náà ní Rumuokoro."

Mosúnmọ́lá bi í bóyá ọmọ náà ṣì wà láàyè.

Sàlímọ́tù kò purọ́ fún un. Ó ní òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pa ènìyàn tán kì í sáábà padà wá fi bàtà ṣeré. Ẹni tí ẹrù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wá ibòmíràn tí aráyé yóò máa wò. "Bó bá wà láàyè," ó fi kún un, "a ò ní àkókò púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ti ń sú ẹni tó mú un."



*

Pẹ́pẹ́yẹ ló kó bá Kíkẹ́lọmọ. Ẹ̀yìn ilé wọn ní Mile One, Diobu, ló ti ń sìn wọ́n, láàárín garawa àti aṣọ tí àwọn ayálégbé sá. Ní ọdún 1999 yẹn, íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú. Káfè kan ṣí nítòsí ọjà, Kíkẹ́lọmọ sì ṣe bẹ́ẹ̀ bá yàrá ìtàkùrọ̀sọ kan pàdé tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀yìnkùlé. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá tí wọ́n ń gbé lẹ́yìn odi ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń sin nǹkan lẹ́yìn ilé ló ń pàdé níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó ń dárúkọ ara rẹ̀. Ohun tí o bá ń sìn lorúkọ rẹ. Kíkẹ́lọmọ ń jẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ. Ehoro wà níbẹ̀, Tòlótòló wà níbẹ̀, Àkùkọ náà wà níbẹ̀. Wọn a máa sọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹyẹ, wọn a máa sọ̀rọ̀ àrùn ojú, wọn a máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mosúnmọ́lá ti jókòó ti àbúrò rẹ̀ níbẹ̀ rí. Ó rí i pé ọmọdé ni gbogbo wọn mú Pẹ́pẹ́yẹ: "ìwọ ọmọ yìí" lókè, "ìwọ ọmọ yìí" nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Kíkẹ́lọmọ ní òun ń lọ gba ẹyin lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ òun kan láti Ẹ̀yìnkùlé. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Onílé káfè ló júwe Ehoro. Pius lorúkọ rẹ̀, ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Mile One. Ará Ogoja ni, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ. Bí Boma ṣe ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀, àpò kan tí ẹ̀jẹ̀ rin gbingbin ló já lulẹ̀. Boma ti yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́.

"Madam, abeg, I swear, ehoro ni," ni Pius ń wí, òógùn bò ó. Ó ní lóòótọ́ lòun ṣèlérí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ fún ọmọ náà, lójú gbogbo ará Ẹ̀yìnkùlé lòun sì ti ṣèlérí. Òun dúró dè é títí òun fi ti ìsọ̀, kò wá.

Sàlímọ́tù ti fi igi tú àpò náà. Ó gbé ìṣù irun funfun kan sókè. "Boma, fi irin rẹ sápò. Ẹ̀jẹ̀ tó hu irun báyìí, ehoro ló ni ín. Ìwọ Pius, kí ló dé tó o fi ń pa ehoro nínú ìsọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀?"

Pius ní ìyàwó òun ò fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ nílé.

"Ìyàwó rẹ gbọ́n jù ọ́ lọ."

Pius ló mú wọn dé ọ̀dọ̀ Tòlótòló, nítorí ó ti ra tòlótòló lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọládọ̀tun lorúkọ tiẹ̀, olùkọ́ ni ní Rumuolumeni, ọmọ Èkìtì pọ́ńbélé. Ó na ọwọ́ sí Sàlímọ́tù tó lè bí i lọ́mọ, ó ní, "Ìwọ, jókòó síbẹ̀ yẹn." Boma fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Sàlímọ́tù jókòó ní tirẹ̀. Ó ní ọmọ Èkìtì tó bá ń pe àgbà ní "ẹ" ti ń wá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Gbọ̀ngàn ìdánwò ni Ọládọ̀tun wà láàárọ̀ ṣúlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jí ìwé wò ló sì lè jẹ́rìí sí i, nítorí kò jẹ́ kí wọ́n simi.

Ó wá ku Àkùkọ. Kò sí ẹni tó rí i rí. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, Port Harcourt ló wà tàbí Sókótó.

*

Nílé, Káyọ̀ nìkan ló ń ṣe bí ènìyàn fún Mosúnmọ́lá. Yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé nínú ọgbà kan náà, tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé ni: bí ó bá rí Mosúnmọ́lá, yóò fi àyà kan ilẹ̀. Láti ọjọ́ tí Kíkẹ́lọmọ ti sọnù, òun ló ń lẹ àwòrán ọmọ náà mọ́ ògiri kiri ìlú, òun ló sì ń bọ́ àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, ó gbé ògì gbígbóná wá, ó ní kí àǹtí òun rọ́jú mu ún. Ó bi í bóyá ó mọ páásíwọ̀ọ̀dù àbúrò rẹ̀, kí ọlọ́pàá lè bá a wọ ibi ìtàkùrọ̀sọ rẹ̀ yẹn wò. Òun ò mọ kọ̀ǹpútà, ó ní, tẹlifíṣọ̀n lòun mọ̀, ṣùgbọ́n bóyá yóò ṣèrànwọ́. Mosúnmọ́lá dáhùn pé òun mọ̀ ọ́n, pé orúkọ ìyá àwọn ni. Ó mu ògì náà, ó dúpẹ́.

Nígbà tí Sàlímọ́tù gbọ́ pé ó mọ páásíwọ̀ọ̀dù, ó gbá itan ara rẹ̀, ó ní kí ni wọ́n ń wò láti àárọ̀. Kò gbà kí wọ́n lọ sí káfè. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní GRA ló mú Mosúnmọ́lá lọ, níbi tí wáyà tẹlifóònù méjì wà, ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà, ọ̀kan fún ìpè. Ó ti ìlẹ̀kùn, ó fa kọ́tìnì. Kò sí ojú ènìyàn kan tó lè rí wọn níbẹ̀.

"Wọlé bí àbúrò rẹ," ó wí. "Jẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ. Má ṣe sọ ju ‘mo kí yín o’ lọ. Ẹnu wọn ni mo fẹ́ gbọ́."

Ìrun Àsárì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ẹ̀rọ náà ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà Ẹ̀yìnkùlé ṣí. Mosúnmọ́lá tẹ ìkíni náà. Lẹ́yìn náà ni èsì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, láìní àmì ohùn kankan bí wọ́n ti máa ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí a bá fi àmì sí i, ohun tí wọ́n wí nìyí.

Ehoro: Pẹ́pẹ́yẹ! Where you dey since? O fẹ́ pa wá ni? Police don nearly carry me go!

Tòlótòló: Ìwọ ọmọ yìí. Wọ́n ní o sọnù. Ibo lo wà?

Àkùkọ: Pẹ́pẹ́yẹ, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ẹ ti jẹun?

Sàlímọ́tù gbá ọwọ́ Mosúnmọ́lá kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó ka ìlà ìkẹyìn náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ó wá rọra jókòó.

"Mosún, báwo ni Àkùkọ ṣe máa ń bá àbúrò rẹ sọ̀rọ̀?"

Ó ní bíi ti àwọn yòókù ni. Ìwọ ọmọ yìí. O ti jẹun, o ò tí ì jẹun.

"Lónìí ńkọ́?"

Mosúnmọ́lá wo ojú ẹ̀rọ náà.

"Ó pè mí ní ẹ."

"Kì í ṣe gbogbo ilé ló ń kí, Pẹ́pẹ́yẹ ló dárúkọ, ẹyọ kan sì ni Pẹ́pẹ́yẹ. Wò ó dáadáa. Ehoro mọ̀ pé ọmọ yìí sọnù, Tòlótòló mọ̀. Bí wọ́n ṣe rí orúkọ rẹ̀, wọ́n gbà pé òun ló dé, nítorí ẹni tó sọnù lè padà wá nígbàkígbà lójú gbogbo ayé. Ẹnì kan péré ni kò lè gbà bẹ́ẹ̀: ẹni tó tì í mọ́lé. Ó mọ̀ pé ọwọ́ Kíkẹ́lọmọ kò lè dé orí ẹ̀rọ lónìí. Ó mọ̀ pé àgbà ló jókòó síbí. Ó fẹ́ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, àmọ́ ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kó lè tẹ ‘o’ sí àgbà. Ìyá tó tọ́ ọ tọ́ ọ dáadáa. Ìyá yẹn ló mú un fún wa."

Mosúnmọ́lá ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe òun ní ẹ.

"Nínú wọn, ta ló mọ̀ pé o ní páásíwọ̀ọ̀dù?"

Mosúnmọ́lá sọ ohun tí Káyọ̀ bi í láàárọ̀, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Sàlímọ́tù gbọ́ ọ parí. "Ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà, ta ló sọ fún un pé wọ́n ń fi páásíwọ̀ọ̀dù wọlé?"

Kì í ṣe ìbínú ló kọ́kọ́ dé sí Mosúnmọ́lá. Ẹ̀rù ni. Láti ọjọ́ Ẹtì, ọkùnrin yìí ti ń sùn ní ìkọjá ògiri kan sí i.

*

Sàlímọ́tù pe Boma lórí wáyà kejì, ó ní kí ó lọ wò bóyá Káyọ̀ wà ní káfè. Kò pẹ́ tí Boma fi pè padà láti ilé ìpè kan tó dojú kọ káfè Mile One. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Káyọ̀ wà nínú, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ. Ṣé kí òun mú un?

"Bó o bá mú un, yóò ní òun ò mọ nǹkan kan. O máa gbá a létí, yóò dákẹ́, ọmọ náà á sì kú sínú òùngbẹ níbi tí a ò mọ̀. Tẹ̀lé e. Èmi ni màá mú un dìde."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó yí sí Mosúnmọ́lá. Ó ní kí ó tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ kan: Mo ti jáde o. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá pọ̀ jù, yóò rí irọ́ inú rẹ̀. Bó bá kéré, ìbẹ̀rù òun fúnra rẹ̀ ni yóò parí ìyókù. Kò ní gbà á gbọ́ tán, ṣùgbọ́n kò ní lè jókòó. Yóò sáré lọ wo ibi tó fi ẹrù rẹ̀ sí.

"Bí Boma bá wá sọ ọ́ nù nínú ọjà ńkọ́?" Mosúnmọ́lá bi í.



"Nígbà náà, yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣíwájú wa," Sàlímọ́tù wí. "Inú yóò sì ti bí i. Mi ò lè tẹ̀ ẹ́ fún ọ. Àbúrò rẹ ni."

Mosúnmọ́lá rántí ìyá wọn lórí àkéte ìkẹyìn, bó ṣe fi ọwọ́ ọmọ kékeré náà lé òun lọ́wọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dùn ún bí abẹ́rẹ́. Orúkọ Àkùkọ ṣì wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ síbẹ̀. Lójijì, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Boma pè, ó ní Káyọ̀ ti gun ọ̀kadà, ó sì já fóònù.

Nǹkan tó burú jù ni pé Ẹ̀yìnkùlé kò dákẹ́. Àwọn méjì tó kù kò mọ ohun tó ń lọ. Ayọ̀ ti gbà wọ́n lọ́kàn.

Ehoro: Ẹyin rẹ wà nílẹ̀ o. Mo ti fi ewé bò ó.

Tòlótòló: Má fi wọ́n sábẹ́ adìẹ tí kò tí ì sàba rí. Mo ti sọ fún ọ.

Ehoro: Prof don start. Pẹ́pẹ́yẹ, àǹtí ẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń pariwo pé ilé ń rùn?

Sàlímọ́tù ní kó dá wọn lóhùn, kí Àkùkọ má baà yọjú padà bá ìdákẹ́jẹ́. Ojú Mosúnmọ́lá ti kún. Lóòótọ́ ló ń pariwo. Lọ́jọ́rú tó kọjá ló halẹ̀ pé òun yóò fi àwọn ẹyẹ náà se ọbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé: Kò ní pariwo mọ́.

Wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n ti mọ àǹtí náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ oúnjẹ ẹyẹ, ó ń dá wọn lóhùn bí ẹni tó ń kàwé fún òkú, etí rẹ̀ sì wà lára fóònù. Òòrùn kúrò lára kọ́tìnì. Fóònù kò dún. Sàlímọ́tù ti yọ tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó ń kà á, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Mosúnmọ́lá kò tí ì rí i kí ẹ̀rù bà á rí, èyí ló sì sọ ẹ̀rù tirẹ̀ di ìlọ́po méjì.

Fóònù dún.

Sàlímọ́tù gbé e, ó gbọ́, ó na fóònù náà sí Mosúnmọ́lá láìwo ojú rẹ̀. Ohùn tó wà níbẹ̀ ti há, bí ohùn arúgbó.

"Àǹtí mi."

Kíkẹ́lọmọ ni. Boma ti mú un dé ilé ìpè.

Lẹ́yìn odi ilé ẹ̀kọ́ Rumuolumeni ni Boma tẹ̀lé Káyọ̀ dé, ní ilé tí wọn kò tí ì kọ́ tán tí oníbàárà Káyọ̀ kan ní kí ó máa ṣọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Káyọ̀ nígbà tí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, igi sì wà lọ́wọ́ kejì. Kíkẹ́lọmọ kò sọ nípa igi náà. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn yàtọ̀. Ó ní Àkùkọ ló kọ̀wé sí òun ní ìkọ̀kọ̀ pé ẹyin tirẹ̀ dára ju ti Ehoro lọ.

"Mo sọ gbogbo ilé wa fún un, Àǹtí. Ibi tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ìgbà tí ẹ máa ń sùn. Mo sọ fún un pé Káyọ̀ kan wà tó ń yọjú wò mí lójú fèrèsé, mo fi í ṣe ẹ̀sín. Òun náà ń bá mi rẹ́rìn-ín, lójoojúmọ́. Nígbà tí mo débẹ̀ tí mo rí i pé òun ni, mo rò pé àwàdà ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni kò lè gbà."

Mosúnmọ́lá ní kí ó má sọ̀rọ̀ mọ́, pé òun ń bọ̀.

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, Sàlímọ́tù ti na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ náà. Mosúnmọ́lá dì í lọ́wọ́ mú. Ó jókòó, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí wọn pé òun kọ́ ni Pẹ́pẹ́yẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni òun. Pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni, ó wà láàyè. Pé bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, kí wọ́n wá kí i lójúkojú.

Lẹ́yìn náà, Ehoro kọ̀wé.

Ehoro: A máa wá o. Níbo ni ilé yín wà?

Ìka Mosúnmọ́lá dúró lókè ẹ̀rọ. Pius ni, ó mọ̀ pé Pius ni. Ó ti rí i, ó ti rí òógùn rẹ̀ àti irun ehoro lára rẹ̀. Síbẹ̀ ó wo ìbéèrè náà títí, bí ẹni tó gbọ́ kíkan ìlẹ̀kùn lóru.

Ó wá kọ àdírẹ́sì àgọ́ ọlọ́pàá Boma sí wọn.